Àtàrí Àjànàkú Lórí Ọmọdé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Yoshiyuki Tomino

Nínú gbogbo àwọn tí ń ṣe eré kàtúùnù ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí wọ́n sì sọ rọ́bọ́ọ̀tì òmìrán, ìyẹn ohun ìjà onírin tí ó ní orí, tí ó ní apá, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn bí ènìyàn, di ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré tí àgbà sì fi ń ronú, n kò rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó ti Yoshiyuki Tomino, ọkùnrin tí a bí ní ìlú Odawara ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1941, tí ó wọ iṣẹ́ yìí nígbà tí eré kàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n kò tí ì ní ju àwọ̀ dúdú àti funfun lọ, tí ó sì ṣì ń darí fíìmù nígbà tí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fún un ní oríkì kan tí kò dùn ún gbọ́: wọ́n ń pè é ní Tomino apa-gbogbo-wọn-tán, nítorí pé nínú eré rẹ̀ ikú kì í mọ ọmọ ọlọ́mọ, kì í sì í bẹ̀rù ẹni tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn. Oríkì náà kò ṣàìjẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ga jù ú lọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá to àwọn eré ọkùnrin yìí jọ láti 1972 títí di 2022, a ó rí i pé ọ̀ràn kan náà ni ó ń gbé yẹ̀wò láti ìgbà dé ìgbà: àwọn àgbà jókòó, wọ́n rọ ohun ìjà, wọ́n gbé e ka orí ọmọ tí kò mọ orírun ìjà náà, wọ́n sì ń bínú bí ọmọ náà bá sunkún. Àwọn baba wa ti wí pé àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọdé tí a bá sọ ẹrù náà di tirẹ̀ tipátipá ni Tomino fi àádọ́ta ọdún sọ.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ni ọ̀ràn yìí sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bí i, ó ku nǹkan bí oṣù kan kí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù lọ ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ogun tí ó sì tẹ̀ lé e kò parí títí ọmọ náà fi sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ọba wọn kéde lórí rédíò pé àwọn ti túúbá, bọ́ǹbù bọ́ sí ìlú Odawara pàápàá. Bàbá rẹ̀ kò lọ sí ojú ìjà. Ilé-iṣẹ́ ni ó ti ṣe ti ogun, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí aṣọ rọ́bà kan tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, èyí tí awakọ̀ òfurufú yóò máa wọ̀ bí ó bá gòkè dé ibi tí atẹ́gùn kò ti tó mí mọ́. Àwòrán aṣọ wọ̀nyí wà nínú ilé, Tomino fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun rí wọn ní kékeré. Ẹni tí ó bá ti wo eré rẹ̀ yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ kan jókòó sínú ilé, ó ń wo àwòrán ènìyàn tí a dì sínú ẹ̀wù tí ó jọ ẹ̀rọ, tí kò sí ojú rẹ̀ níta, bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ṣe ẹ̀wù náà nítorí ogun. Ọmọ náà dàgbà, ó sì dá Amuro Ray, akọni inú eré rẹ̀ Gundam, tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà tí ó ṣe ẹ̀rọ ogun.

Lẹ́yìn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa sinimá ní Yunifásítì Nihon, ó wọ ilé-iṣẹ́ Mushi ní 1964, lábẹ́ Osamu Tezuka, ẹni tí kò sí ayàwòrán kan ní ilẹ̀ náà tí kì í júbà rẹ̀. Tetsuwan Atom ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, eré tí ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963. Àwọn tí ó mọ ìtàn náà mọ̀ pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ kú, tí ó fi irin ṣe ọmọ mìíràn ní àwòrán olóògbé, tí ó sì ta ọmọ onírin náà fún àwọn eléré ìta nígbà tí ó rí i pé kò dàgbà bí ọmọ ènìyàn. Gbogbo ayé rántí Atom gẹ́gẹ́ bí akọni ọmọ tí ń fò lójú ọ̀run. Èmi gbà pé bàbá inú ìtàn náà ni ó wọ Tomino lọ́kàn jù, bàbá tí ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ tí ìfẹ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ kejì ni Isao Takahata, orúkọ yìí ni àwọn ènìyàn sì ń gbàgbé. Nígbà tí Tomino fi Mushi sílẹ̀, ó di ẹni tí ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá pè é. Ó ń ya àwọn àwòrán kéékèèké tí a fi ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìran kọ̀ọ̀kan kí àwọn ayàwòrán yòókù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń ya wọ́n kánkán tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di ìtàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe bá Takahata ṣiṣẹ́ lórí Heidi ní 1974, àti lórí ìtàn ọmọ tí ń wá ìyá rẹ̀ kiri ní 1976. Kò sí ìbọn nínú àwọn eré wọ̀nyí, kò sì sí òmìrán. Búrẹ́dì ni ó wà níbẹ̀, àti wàrà, àti koríko gbígbẹ tí ọmọbìnrin kan ń sùn lé lórí. Níbẹ̀ ni Tomino ti kọ́ pé bí a kò bá rí ènìyàn níbi tí ó ti ń jẹun, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó ń rẹ̀ ẹ́, ikú ẹni náà kò lè dun òǹwòran. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ogun inú Gundam fi kún fún àwọn ọmọ kéékèèké tí ń sáré kiri, àti fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n ń tò gba oúnjẹ.

Kí ó tó di pé a gbọ́ orúkọ Gundam, eré méjì ti fi ibi tí ó ń lọ hàn. Ní 1972, ó mú ìtàn Tezuka kan nípa Triton, ọmọdékùnrin inú òkun tí ó ń bá ẹ̀yà Poseidon jà nítorí pé wọ́n pa àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ó dé apá tí ó kẹ́yìn, Tomino yí ìtàn náà po, ó sì fi han ọmọ náà pé àwọn baba ńlá tirẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀yà Poseidon rúbọ, àti pé ọ̀bẹ tí ó ń dà bí ohun mímọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti pa ìyókù wọn run. Ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ọmọdé tí ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ó ti ń pàtẹ́wọ́ fún akọni rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ni a sọ fún lójijì pé àtẹ́wọ́ náà kò tọ́.

Èkejì ni Zambot 3, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, èyí tí mo gbà pé ó le jù nínú gbogbo ohun tí ó ti ṣe fún ọmọdé. Ìdílé Jin ń gbèjà ayé lọ́wọ́ ọ̀tá tí ó ti òfurufú wá, àwọn ará ìlú sì ń sọ wọ́n ní òkúta, wọ́n ń ní ìdílé yìí ni ó fa ogun wá bá àwọn. Ọ̀tá ń kó ènìyàn, ó ń fi bọ́ǹbù sínú ara wọn, ó sì ń dá wọn padà sáàárín ẹbí wọn kí wọ́n lè bú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹ́ kí n gbàgbé eré yìí ni ọ̀ràn oorun: Kappei àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọmọ tí wọ́n ń wa rọ́bọ́ọ̀tì náà, ni àwọn àgbà ilé ti kọ́ ní ìjà lójú oorun, láìbi wọ́n, kí ẹ̀rù má baà máa bà wọ́n nígbà tí ogun bá dé. Àwọn ìbátan méjèèjì kú. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ olórí ọ̀tá wá bi Kappei léèrè, kí ó tó parun, pé ǹjẹ́ àwọn ènìyàn ayé tí ó kún fún ibi yìí yẹ ní ẹni tí a ń tìtorí wọn kú. Tomino kò fi ìdáhùn sí ọmọ náà lẹ́nu. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, tí ó fi ata sẹ́nu: àwọn àgbà inú eré yìí kì í ṣe ènìyàn búburú, wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ wọn, síbẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1979 ni Mobile Suit Gundam bẹ̀rẹ̀. Orísun rẹ̀ pọ̀. Láti inú ìwé ìtàn Robert Heinlein ti 1959 ni èrò nípa jagunjagun tí ó wọ ẹ̀wù onírin alágbára ti wá bá àwọn tí ó dá a sílẹ̀; láti ọ̀dọ̀ Gerard O'Neill, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ni ìlú òfurufú ti wá, àwọn àgbá ńláńlá tí gígùn wọn tó kìlómítà 32, tí ń yí gbirigbiri kí ẹsẹ̀ ènìyàn lè fìdí múlẹ̀ nínú wọn. Yoshikazu Yasuhiko, tí wọ́n lé kúrò ní yunifásítì nítorí ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ó ya ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Kunio Okawara ni ó ya àwọn ẹ̀rọ. Àwọn oníṣòwò ohun ìṣeré ọmọdé ni ó sì ń san owó, èyí kò sì ṣeé fojú fò, nítorí gbogbo ìran Tomino ni ó ń jà fún àyè lábẹ́ àṣẹ pé rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ọjà lè tà. Ọjà náà kò tà. Wọ́n gé eré náà láti apá 52 sí 43. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: ní 1980 Bandai bẹ̀rẹ̀ sí í ta rọ́bọ́ọ̀tì alápapọ̀ oníke, ní oṣù Kejì 1981 ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ sì pé jọ sí Shinjuku ní Tokyo láti gbọ́ ìkéde pé ìgbà titun ti dé fún irú eré yìí, fíìmù mẹ́ta sì tẹ̀ lé e láàárín 1981 àti 1982.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni eré náà ti sọ fún wa pé ogun oṣù kan péré ti pa ìdajì gbogbo ènìyàn. Amuro, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ inú Gundam, rọ́bọ́ọ̀tì tí bàbá rẹ̀ ṣe, ó ń ka ìwé ìlànà rẹ̀ bí iná ti ń jó yí i ká, ó sì fọ́ ẹ̀rọ ọ̀tá àkọ́kọ́. Ìbúgbàù ẹ̀rọ náà lu ara ìlú òfurufú wọn jálẹ̀, atẹ́gùn sì gbá bàbá rẹ̀ jáde láti ibẹ̀ sínú òfìfo. Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní ni ó mú bàbá kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, àìrí atẹ́gùn mí ti ba ọpọlọ ọkùnrin náà jẹ́. Ó fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yà ẹ̀rọ kan tí ó ti di ti àtijọ́, ó ní kí ó lọ fi sára Gundam kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, kò sì bi í bóyá ara rẹ̀ le. Amuro gbà á, ó jáde, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Ti ìyá rẹ̀ ni ó tún dùn jù. Ní apá kẹtàlá, ọmọ náà gba ìyànda, ó wá ìyá tí wọn kò ti rí ara wọn láti kékeré lọ sí ibùdó àwọn tí ogun lé. Àwọn ọmọ ogun Zeon, ọ̀tá wọn, wọlé wá wò káàkiri. Ìyá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn bí aláìsàn, ó da aṣọ bò ó. Nígbà tí ọ̀kan sì sún mọ́ ọn, ọmọ náà yìnbọn láti abẹ́ aṣọ náà. Ìyá rẹ̀ kò dúpẹ́ pé ọmọ yè. Ó ń sunkún pé ọkùnrin tí ó yìnbọn lù yẹn náà ní ìyá, ó ń bèèrè pé ta ni ó sọ ọmọ òun di báyìí. Ìyá náà jàre, ọmọ náà sì jàre. Tomino jẹ́ kí Amuro gbé ọwọ́ sí iwájú orí kí ìyá rẹ̀ bí ọmọ ogun ti í kí àjèjì, ó sì bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. N kò tí ì rí ìran mìíràn nínú eré ọmọdé tí ó sọ gbogbo ohun tí ogun ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn nínú ìṣẹ́jú tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀tá inú eré wọ̀nyí ní ojú àti orúkọ. Ramba Ral pàdé Amuro ní ilé oúnjẹ kan nínú aṣálẹ̀. Obìnrin rẹ̀ fẹ́ ra oúnjẹ fún ọmọ náà, ọmọ náà kọ̀ pé òun kì í ṣe alágbe, Ral sì fẹ́ràn ìgboyà rẹ̀ bí bàbá ti ń fẹ́ràn ti ọmọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bá ara wọn jà títí ọkùnrin náà fi kú. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, èyí ni ó sì fà á tí Tomino kì í fi yé gbé ìbòjú wọ àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn jù: Char Aznable, ọ̀tá Amuro, ọmọ olóṣèlú tí wọ́n pa, fi ìbòjú pa orúkọ ìdílé rẹ̀ mọ́ kí ó lè gbẹ̀san, ó sì fi awò dúdú rọ́pò rẹ̀ nínú Zeta Gundam, eré tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, ọkùnrin onírin ń bẹ nínú fíìmù F91 tí ọmọ tirẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n mọ́, Harry Ord ní awò tirẹ̀ nínú eré Turn A, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú eré 2014 sì sọ ìbòjú gan-an di orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gbé ẹ̀kú wọ̀ ti di ará ọ̀run, ó ti ju ara rẹ̀ lọ. Ẹni tí Tomino bá fi ìbòjú sí lójú kéré sí ara rẹ̀ ni: ọmọ tí ó farapa ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí kò sì dàgbà láti ọjọ́ tí ó ti farapa.

Ní 1980 ó gbé Ideon jáde, ibẹ̀ sì ni orúkọ apa-gbogbo-wọn-tán ti fìdí múlẹ̀. Ẹ̀yà méjì pàdé lórí ayé àjèjì kan: ará ayé wa, àti àwọn Buff Clan. Àwọn ará ayé wa fẹ́ ìjà kí ó parí, wọ́n ta àsíá funfun. Wọn kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn tí ó wà níwájú wọn, àsíá funfun ń kéde pé a kò ní fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ láàyè nínú yín. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ rere gan-an ni ó yọ ọfà lápó. Láti orí àṣìgbọ́ yẹn ni ìtàn náà ti ń yí lọ títí, nínú fíìmù 1982, tí ẹ̀gbọ́n fi yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ aboyún, tí ẹ̀yà méjèèjì fi run pátá, tí ọkàn wọn sì ń fò lọ ní ìhòhò nínú òfurufú, tí ọmọ tí a kò tí ì bí ń ṣáájú wọn. Àwọn kan kà á sí ìkà. Èmi gbà pé ìrètí tí ó ṣẹ́ kù fún Tomino ní àkókò náà ni ó fi síbẹ̀, pé ọmọ tí kò tí ì gbọ́ ìjà àwọn àgbà nìkan ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn. Hideaki Anno, tí ó ṣe Evangelion ní 1995 nípa bàbá tí ó pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ kí ó wọ inú òmìrán, kò fi pamọ́ rí pé ọmọ ẹ̀yìn iṣẹ́ wọ̀nyí ni òun.

Níhìn-ín ni mo ti ní ẹjọ́ bá ọkùnrin yìí ṣe. Lalah Sune, ọmọbìnrin tí ó lè gbọ́ ọkàn ẹlòmíràn láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kú láàárín Amuro àti Char nínú Gundam ní 1980. Nínú fíìmù 1988, nígbà tí Char fẹ́ ti àpáta ńlá láti òfurufú lu ayé, àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣì ń jà lórí òkú rẹ̀, Char sì jẹ́wọ́ pé ìyá ni òun ń wá lára ọmọbìnrin náà, ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ nípa Char. Ṣùgbọ́n nípa Lalah, kí ni a mọ̀? Láti orí rẹ̀ títí dé orí Four Murasame nínú Zeta, àwọn ọmọbìnrin ń kú kí ọkàn ọkùnrin lè là, èyí sì ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ẹ̀mí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó dé eré Victory Gundam ní 1993, ìbànújẹ́ ti bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Uso, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbé àkẹtẹ̀ irin ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, orí ìyá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Tomino ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ṣàìsàn ọkàn lẹ́yìn eré yìí. Ohun tí ó ti inú àìsàn náà jáde ni Turn A, 1999, èyí tí mo fi ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀ láìṣiyèméjì. Syd Mead, ará Amẹ́ríkà tí ó ya ìlú inú Blade Runner, ni ó ya rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì fún un ní irun ètè òkè. Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànù nípa ọmọ-ọba inú òṣùpá ni ó sì wà lábẹ́ ìtàn náà. Àwọn ará òṣùpá fẹ́ padà sí ayé tí àwọn baba wọn fi sílẹ̀. Loran, ọmọ òṣùpá tí ó ti ń jẹun ilẹ̀ ayé, bá ara rẹ̀ nínú òmìrán tí àwọn ará abúlé ti ń bọ bí ère láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òmìrán yìí kan náà ni ó ti pa ọ̀làjú run nígbà kan rí, nínú àwọn ogun tí wọ́n kọ sínú Ìtàn Dúdú. Kí ni Loran wá fi ṣe? Ó fi gbé màlúù sínú àyà rẹ̀, ó fi fọ aṣọ. Ẹ̀kọ́ tí Takahata kọ́ Tomino lórí koríko gbígbẹ ní 1974 ni ó wá wọ inú irin nígbẹ̀yìn. Ní 2005 àti 2006 pẹ̀lú, nígbà tí ó tún Zeta ṣe sí fíìmù, akọni rẹ̀ Kamille, tí ó ti ya wèrè ní ìparí eré àkọ́kọ́, kò ya wèrè mọ́. Ó gbá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan bínú sí ìyípadà yìí. Inú mi dùn sí i.

Ìjọba Jàpáànù fi í sínú àwọn ẹni iyì àṣà ilẹ̀ náà ní 2021, nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Reconguista in G. Eré yẹn kọ́kọ́ jáde ní 2014 ní apá 26, ìtàn rẹ̀ lọ́ jù, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì lè tọ ipa rẹ̀. Ó jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ tò sí fíìmù márùn-ún láàárín 2019 àti 2022, ó sì là á mọ́ díẹ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ó rúni lójú ṣì kù. Nínú rẹ̀ ni Wilmit Zenam wà, ìyá tí ó gba Bellri, akọni eré náà, tọ́. Obìnrin yìí ní ipò ńlá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì gbọ́ pé ọmọ òun ti wọ ọkọ̀ àwọn ajagun, ó pa iṣẹ́ náà tì, ó sì fúnra rẹ̀ wá a lọ sí ojú ìjà. Nínú gbogbo òbí tí Tomino dá, òun ni mo fẹ́ràn jù.